Ṣé O Mọ̀? Ìdánwò Tó Ń Le Sí I Bí O Bá Ń Gbà Á

Ṣé o mọ̀ pé ìdánwò kan wà tó jẹ́ pé bó bá ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ó yẹ kí o fura? GMAT ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ kàwé MBA nílùú òyìnbó máa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ló ń bi ọ́ ní ìbéèrè, ó sì ń ṣọ́ ọ. O gba ọ̀kan, ó gbé èyí tó le jù ú lọ wá. O ṣì í, ó dẹwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣe dáadáa fi máa ń rò pé òun ti fìdí rẹmi.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gba 700 mọ́? Láti Oṣù Kọkànlá 2023 tí GMAT tuntun ti dé, 205 sí 805 ni máàkì rẹ̀, 5 ló sì máa ń gbẹ̀yìn gbogbo wọn. 645 tòní ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ 700 àtijọ́. Wọ́n tún ti yọ àròkọ àti jẹ́ọ́mẹ́trì kúrò. Ìwé àlòkù tó o rà lábẹ́ bírííjì ńkọ́? Yẹ ọdún rẹ̀ wò kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí igun mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ kí o wá ìdáhùn rẹ̀? Wọ́n á ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni Bọ́lá?" Wọ́n á wá fún ọ ní gbólóhùn méjì. Èkíní: ní ọdún márùn-ún sí i, ọjọ́ orí Bọ́lá yóò jẹ́ ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Èkejì: ọdún mẹ́ta ni Bọ́lá fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé, ṣé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí tó láti fi mọ̀ ọ́n? Èkíní nìkan tó. Èkejì nìkan kò tó, torí a ò mọ ọjọ́ orí àbúrò. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ títí tó fi kan 15 ti fi ìṣẹ́jú ṣòfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn márààrún tí wọ́n ń tò sábẹ́ irú ìbéèrè yìí kì í sì í yí padà. Kọ́ wọn sórí kó o tó lọ.

Ṣé o mọ̀ pé òǹkà Yorùbá lè gbà ọ́? Wọn kì í jẹ́ kí o lo ẹ̀rọ ìṣírò ní abala ìṣírò gan-an. 49 lọ́nà 18 ńkọ́? Ṣebí ọ̀kàndínláàádọ́ta lo máa ń pe 49 látilẹ̀: àádọ́ta ó dín ọ̀kan. Àádọ́ta lọ́nà 18 jẹ́ 900; yọ 18, ó ku 882. Àwọn baba wa ti ṣe iṣẹ́ yẹn sínú orúkọ nọ́ńbà.

Ṣé o mọ̀ pé àgídí ló ń jẹ máàkì olóye jù? Lójú tèmi, ju àìmọ̀ lọ. Abala mẹ́ta ló wà, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; ti ìṣírò ní ìbéèrè 21. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí ẹyọ kan ti jẹ ti méjì mìíràn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìyà èyí tí o kò dáhùn rárá le ju ti èyí tí o ṣì lọ. Mú ìdáhùn kan, sàmì sí i, máa lọ. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, o lè padà yí ìdáhùn mẹ́ta pa dà ní abala kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 16 kó o tó lè tún ìdánwò náà ṣe. Ìdánwò ìgbaradì méjì tí àwọn tó ni GMAT fúnra wọn ṣe sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jọ̀wọ́, má ṣe méjèèjì tán lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.