Ìdí Tí Àwọn Ará Japan Fi Fẹ́ràn Ọ̀gágun Tó Ṣẹ́gun Wọn, àti Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ba Ìfẹ́ Náà Jẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1951, èrò tò bí eéṣú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Haneda ní Tokyo. Àwọn tó fojú díwọ̀n wọn ní wọ́n lé ní 200,000. Ọ̀gágun Douglas MacArthur ni wọ́n wá kí pé ó dàbọ̀, torí Ààrẹ Amẹ́ríkà, Harry Truman, ti yọ ọ́ nípò lórí ọ̀rọ̀ ogun Korea.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ará wọn o. Òun ló gba ìtúúbá Japan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, òun náà ló sì ṣàkóso ìlú wọn láti ìgbà náà. Kò ju bí ọdún mẹ́fà lọ tí ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà dáná sun Tokyo, tí bọ́ǹbù átọ́míìkì sì pa Hiroshima àti Nagasaki run. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń juwọ́ sí i tìfẹ́tìfẹ́?

Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ìjọba Japan ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ará ìlú pé ẹhànnà làwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn kan nínú wọn ṣèkà lóòótọ́, wọ́n fipá bá obìnrin lò pọ̀, ṣùgbọ́n ìpakúpa tí gbogbo èèyàn ń retí kò ṣẹlẹ̀. Ebi tún wà nílẹ̀. Ní ọdún 1946, oúnjẹ láti Amẹ́ríkà wà lára ohun tó gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ikú. Bẹ́ẹ̀, inú ń bí wọn sí àwọn ọ̀gágun tiwọn tó kó wọn sínú ogun.

Àwòrán kan wá fi ẹni tó ni àṣẹ hàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, Ọba Japan, Hirohito, lọ kí MacArthur nílé ikọ̀ Amẹ́ríkà. Nínú àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀, Ọba wọ kóòtù ayẹyẹ, ó dúró ṣánṣán. MacArthur, tó ga jù ú lọ fíìfíì, fọwọ́ lé ìdí láìwọ táì. Ìjọba Japan fẹ́ ká ìwé ìròyìn lọ́wọ́ kò, àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gbé e jáde. Ìgbà 11 ni Hirohito lọ bẹ MacArthur wò títí ọ̀gágun náà fi padà sílé. MacArthur kò lọ sí ààfin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ààfin ṣe ń rí kò nílò àlàyé kankan.

Láàárín àkókò yìí, lẹ́tà ń ya wọ ọ́fíìsì MacArthur, nínú ilé iṣẹ́ adójútòfò Dai-ichi tó kọjú sí ààfin. Ó tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, àwọn kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gba ọmọ wọn tí Rọ́ṣíà kó lẹ́rú. Àwọn obìnrin kan tiẹ̀ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bímọ fún un! Àwọn mìíràn ń fi ẹjọ́ aládùúgbò wọn sùn.

Ìdúpẹ́ náà nídìí. Lábẹ́ àkóso rẹ̀, obìnrin dìbò ní oṣù kẹrin ọdún 1946, 39 nínú wọn sì wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń dá oko olóko di onílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé ẹnu ni wọ́n fi ń yìn ín, ẹnu kan náà ni ìjọba rẹ̀ sì dí. Òfin tí ọ́fíìsì rẹ̀ gbé kalẹ̀ kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ológun náà, kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ń já lẹ́tà àwọn èèyàn kà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ sì fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1947, MacArthur ní kò gbọdọ̀ wáyé. Torí náà, mi ò lè fi lẹ́tà wọ̀nyẹn díwọ̀n ohun tó wà nínú gbogbo ará ìlú.

Ẹyin lohùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1951, níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, MacArthur sọ pé bí ará Jámánì àti Amẹ́ríkà bá dà bí ẹni ọdún 45, ará Japan dà bí ọmọ ọdún 12. Ó rò pé òun ń gbè sẹ́yìn wọn ni: pé Jámánì mọ̀ọ́mọ̀ ṣìkà, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ṣì lè gba ẹ̀kọ́. Ohun tí Japan gbọ́ ni pé ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá kò kà wọ́n sí àgbà. Ètò láti kọ́ ilé ìrántí fún un wọmi. Àwọn ilé iṣẹ́ kan polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn kì í ṣe ọmọ ọdún 12.

Lójú tèmi, kì í ṣe MacArthur gan-an ni wọ́n fẹ́ràn bí kò ṣe ohun tí wọ́n rí gbà lábẹ́ rẹ̀, torí èyí kò bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kọ àkọsílẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1947. Títí di òní, Japan kò tíì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀.