Iye Ènìyàn Ọjọ́ Iwájú, àti Bí A Ti Ń Ṣírò Rẹ̀

Bí a bá ń fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí kí a gbẹ́ kànga sí ìletò kan ní agbègbè Èjìgbò, kò tó kí a mọ iye ènìyàn tí ń bẹ níbẹ̀ lónìí. Ó yẹ kí a ṣírò iye àwọn tí yóò máa mu omi náà ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ aláfọ̀ṣẹ. Iye tí a ti kà sẹ́yìn ni a fi ń wá ti iwájú.

Kọ̀ǹpútà ti mú iṣẹ́ náà rọrùn. Nínú Excel, a ti kọ àwọn àṣẹ ìṣirò kan sílẹ̀ de ẹni tí yóò lò wọ́n. Èyí tí ń jẹ́ FORECAST ń béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wa: ọdún tí a fẹ́ mọ iye rẹ̀, iye tí a ti kà, àti ọdún tí a kà wọ́n. Ó gbà pé iye kan náà ni ń kún wọn lọ́dọọdún. Èkejì, GROWTH, gbà pé ìdá kan náà ni wọ́n fi ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí owó tí èlé rẹ̀ pẹ̀lú ń mú èlé wá. Níwọ̀n bí ọmọ tí a bí ti ń dàgbà tí òun náà sì ń bímọ, GROWTH ni ó bá ọ̀rọ̀ ènìyàn mu jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dán méjèèjì wò. Ìkànìyàn Nàìjíríà ní 1963 jẹ́ 55,670,055. Ti 1991 jẹ́ 88,992,220. Kí a fi iye méjì yìí fún wọn, kí a sì béèrè ti 2006 bí ẹni pé a kò tíì kà á. FORECAST dáhùn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 107. GROWTH ní nǹkan bí mílíọ̀nù 114. Iye tí a kéde lẹ́yìn ìkànìyàn oṣù Ẹrẹ́nà 2006 ni 140,431,790. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ṣì fi mílíọ̀nù 26 dín!

Kọ̀ǹpútà kò ṣi ìṣirò. Iye tí a fi lé e lọ́wọ́ ni kí a yẹ̀ wò. Àríyànjiyàn ńlá dìde lórí ìkànìyàn 1963, nítorí òun ni a fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé a bù mọ́ ọn. Bí iye ìbẹ̀rẹ̀ bá sì ga ju òtítọ́ lọ, ìbísí tí ó tẹ̀ lé e yóò dàbí ẹni pé ó lọ́ra. Ti 2006 pẹ̀lú kò ṣàì ní àwíjàre tirẹ̀.

Ọ̀ràn Èjìgbò tún ní ìdíjú mìíràn. Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjáàn. Ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún lọ́jọ́ ìkànìyàn kò sí nínú iye wa, síbẹ̀ yóò wá sílé ní àkókò ọdún, yóò sì pọn omi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast ní 2002, àwọn kan sá padà wá. Àṣẹ ìṣirò wo ni ìbá ti rí èyí tẹ́lẹ̀?

Nítorí náà, kí a kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, èyí tí ó kéré àti èyí tí ó pọ̀, kí a sì gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìrìbọmi ìjọ, tí ń fi hàn bóyá àwọn ọmọdé ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Ẹni tí ń gbẹ́ kànga, kí ó fi èyí tí ó pọ̀ ṣe ìwọ̀n rẹ̀, nítorí kànga tí ó tóbi jù yóò ná wa lówó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù ni yóò gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.