Kíkàn àti Lílẹ̀: Ìdí Tí Ohun Méjì Fi Ń Lẹ̀ Mọ́ra

Ìfáárà
Nínú èdè Yorùbá, "kàn" yàtọ̀ sí "lẹ̀". Ìwé lè kan tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́ kí ó má lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, àti ní Ṣàngó-Ọ̀tà, fi ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà hàn.

Ìsúnmọ́ra
Gbogbo ohun ni ó ní agbára tí mólékù fi ń fa ara wọn mọ́ra. Orúkọ Johannes van der Waals, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1910, ni a fi pe ọ̀kan nínú wọn. Agbára yìí kì í rìn jìnnà: bí àlàfo bá ju ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí tábìlì sì ti wù kí ó dán tó, òkè àti kòtò tíntìntín wà lójú rẹ̀. Orí àwọn òkè náà nìkan ni ìwé ń kàn. Gọ́ọ̀mù a máa ṣàn wọ inú kòtò wọ̀nyí, a sì le síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ
Sítáàṣì ni a sábà fi ń lẹ ìpele bébà tí ó wà nínú páálí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń di ọjà. Bí ooru ẹ̀rọ bá ti kàn án, á fa omi mu, á wú, á sì ki bí ẹ̀kọ orí iná. Á wọ àárín fọ́nrán bébà, á sì gbẹ.

Fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú kì í lẹ tíúbù láìkọ́kọ́ ha ojú ibi tí ó jò. Bí eruku bá wà níbẹ̀, eruku ni gọ́ọ̀mù yóò lẹ̀ mọ́, kì í ṣe tíúbù. Lẹ́yìn tí ó bá fi gọ́ọ̀mù rọ́bà pa á, á dúró díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ fẹ́ lọ, kí ó tó tẹ àlẹ̀mọ́ lé e. Ẹni tí ó bá kánjú á há omi náà mọ́ àárín, táyà sì lè jò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta.

Àgbálọgbábọ̀
Olùkọ́ lè fi gọ́ọ̀mù kan náà lẹ bébà mímọ́ méjì pọ̀, kí ó fi epo pupa ra méjì mìíràn kí ó tó lẹ̀ wọ́n. Àwọn tí a fi epo ra yóò ṣí. Kí ó wá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú "kàn", "wọ̀", "gbẹ" àti "lẹ̀": ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé.