Ọmọ Oṣù Méje: Àyà Ni Kí Ẹ Gbé E Sí

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a kírun Àlàásárì tán, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú jámọ́à wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oyún oṣù méje, ọmọ náà kò sì ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ. Ó na ìwé kékeré kan sí mi. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ní kó kọ ọ́: rọ́bà omi gbígbóná méjì, ìpara tó ń ta, omi tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí inú rírun, kànìnkànìn tuntun, àti kánfọ̀ tí wọn yóò kó sáàárín aṣọ ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, èló ni gbogbo rẹ̀?"

Mo sọ fún un pé n kò ní ta ẹyọ kan fún un nínú gbogbo ohun tó kọ. Ó wò mí bí ẹni pé mo kọ̀ láti ran òun lọ́wọ́. Mo bi í pé ọmọ náà ńkọ́, níbo ló wà? Ó ní ó wà ní yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ìyá rẹ̀ sì wà ní wọ́ọ̀dù òdìkejì, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo bá a sọ lórí ìdúró ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin náà sọ lóṣù yìí.

Ọmọ tí a bá bí kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé irú wọn tó mílíọ̀nù 13.4 tí a bí káàkiri ayé lọ́dún 2020. Àwa Yorùbá tí a mọ̀ fún ìbejì bíbí sì ní láti fetí sí i, nítorí ìbejì kì í sábà dúró pé oṣù nínú. Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá pàdé ni òtútù. Kò tíì ní ọ̀rá lábẹ́ awọ tí yóò pa ooru rẹ̀ mọ́. Yàrá tí àwa ti ń làágùn, òtútù lè mú un níbẹ̀. Bí ó bá sì ti tutù, ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa jó láti fi wá ooru, mímí rẹ̀ yóò máa dáwọ́ dúró, kò ní lágbára àtifa ọmú, àrùn yóò sì ráyè wọlé.

Kí n tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ gbé mì. Mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá ọkọ ń ka oṣù lórí ìka láti ọjọ́ nìkáà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé oyún ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé Súrà Al-Ahqaf ka oyún àti ìfúnlọ́mú sí ọgbọ̀n oṣù, Súrà Al-Baqarah sì ka ìfúnlọ́mú sí ọdún méjì gbáko. Oṣù mẹ́fà ló kù. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wa ti mú un láti ayé àwọn Sàhábà pé a lè bí ọmọ ní oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ rí ojú rere yín, iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Lọ́dún 1978, dókítà àwọn ọmọdé kan, Edgar Rey Sanabria, wà ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ tí àpótí dígí tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru kò tó. Wọ́n ń kó ju ọmọ kan lọ sínú àpótí kan, àrùn sì ń ràn láti ara ọmọ kan sí èkejì. Ó rí ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní kangaroo rò: inú àpò tó wà níkùn ìyá ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà lẹ́yìn tí ó bá bí i tán láìgbó. Òun àti Héctor Martínez, tó dára pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, wá ń gbé ọmọ sí àyà ìyá, awọ kan awọ. Àìní ló bí ọgbọ́n náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò fún ìgbà pípẹ́ pé ìtọ́jú àwọn tálákà ni, pé ẹni tó bá rí ẹ̀rọ kò nílò rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ wà nínú àpótí títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀ kí ìyá tó gbà á. Ìwádìí ńlá kan wá bi í pé: bí a bá gbé e fún ìyá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe é láti 2017 sí 2020 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Nàìjíríà tiwa. Ilé-Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà ti wáyé. Ọmọ 3,211 ni wọ́n kó jọ, tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kílò kan tí kò sì tó kílò 1.8. Apá kan wà láyà ìyá tàbí ẹlòmíràn fún nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Apá kejì gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28, ọmọ 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú ní apá àkọ́kọ́. Ní apá kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kó tó parí, nítorí kò tọ́ mọ́ kí wọ́n máa fi àǹfààní náà du àwọn ọmọ apá kejì. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà: kí a bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán lójúmọ́, títí dé wákàtí 24.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí kó wá gbé ọmọ sá kúrò ní ilé ìwòsàn o. Àwọn ìyá tí mo sọ yìí wà nínú yàrá ìtọ́jú gan-an, bẹ́ẹ̀dì wọn wà níbẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ́síjìn sì wà nítòsí. A kò mú àwọn ọmọ tí kò lè dá mí mọ́ ọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ béèrè. Kí ẹ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ìgbà wo ni ìyá ọmọ lè gbé e sáyà?" Bí ẹ kò bá béèrè, ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹwàá kí ẹnikẹ́ni tó rántí.

Bí a ti ń ṣe é kò ṣòro fún ẹni tó mọ ọmọ pọ̀n. Iwájú ni a pọ̀n ọn sí. Ọmọ kò wọ nǹkan ju ìdìdí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ẹ gbé e dúró sáàárín ọmú méjèèjì, àyà rẹ̀ kan àyà ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, kí orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ má ṣe rì sí àyà tirẹ̀ kó wá dí i léèémí. Ẹ wá fi ọ̀já tó mọ́ dè é, kó le díẹ̀. Àwọn arábìnrin wa máa ń bẹ̀rù ìhòhò nínú wọ́ọ̀dù. Híjáàbù tó gbòòrò bò gbogbo rẹ̀, kìkì kí ojú ọmọ wà níta. Bàbá lè ṣe é, ìyá àgbà náà lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ọ̀kan láyà ìyá, ọ̀kan láyà bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àlùwàlá dára, ṣùgbọ́n kò gba ipò ọṣẹ níbí.

Ní ti ìwé ọ̀dọ́kùnrin yẹn. Rọ́bà omi gbígbóná lè jó awọ tó tinrin bẹ́ẹ̀. Ìwẹ̀ alágbára pẹ̀lú kànìnkànìn, gbígbọn ọmọ sókè àti nína ẹsẹ̀, kò tíì yá rárá; ẹ fi aṣọ tútù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ibi tó bá dọ̀tí, kí ẹ dúró de àṣẹ nọ́ọ̀sì. Kánfọ̀ àti ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù ni mo kórìíra jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ni èròjà G6PD kò tó lára wọn, bí wọ́n bá sì fa òórùn kánfọ̀ tí a ń kó sínú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa tú, ojú wọn á pọ́n bí ata rodo tó gbó, ibà pọ́njú náà sì lè ba ọpọlọ wọn jẹ́. Fún ìwọ́, gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí ilé ìwòsàn bá fún yín ni kí ẹ lò, ìwọ́ nìkan. Bí ó bá kan ojú ọmọ, ó lè fọ́ ọ.

Omi ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá tíì lè fà á, ìyá yóò fún un sínú ife tó mọ́, nọ́ọ̀sì yóò sì fi fún un. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde, tó pọ́n, ẹ má dà á nù. Omi Samusamu ńkọ́? Kí ìyá mu ún. Oyin kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Dàbínù tí a ń fi pa ọmọ lókè ẹnu, súnnà ni, ẹ jẹ́ kó dúró títí dókítà yóò fi ní ó yá. Ẹ lè sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ keje láìgbé e kúrò láyà ìyá rẹ̀, láìsí èrò tó ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ní ti àkíkà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ní ó lè di ọjọ́ 14 tàbí 21. Irun orí rẹ̀ náà lè dúró, torí orí ni ooru rẹ̀ ti ń jáde jù.

Bí ẹ bá ti délé tí ara rẹ̀ tutù, tí kò fa ọmú mọ́, tí ó ń mí gúlegúle tí egungun àyà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ dúdú tàbí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ, kó sì wà láyà ẹnìkan nínú ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn, n kò rí i nírun Ìṣáì fún ọjọ́ mélòó kan. Mo pè é. Ohùn rẹ̀ lọọlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ọmọ ń sùn láyà òun, ìyá rẹ̀ lọ wẹ̀. Ó ní ìyá àgbà ti fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó jókòó síbẹ̀ ó ń wo òun, ó ń béèrè ìgbà tí yóò kàn án.