Ọsàn Tí Olóko Gbé Dé Títì Fúnra Rẹ̀

Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ ó rí ọsàn lẹ́bàá títì ní Fìdítì. Ọ̀nà méjì ni olóko lè gbà ta ọsàn rẹ̀. Ó lè tà á lórí igi fún alájàpá. Alájàpá ni yóò ká a, òun ni yóò wá mọ́tò, òun náà ni yóò sì ru àdánù bí ọsàn bá jẹrà. Tàbí kí olóko ká a fúnra rẹ̀, kó gbé e dé títì. Owó á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹrà, tirẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìtàn àròsọ. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé ìwé rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Longman, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1969. I. B. Thomas ní tirẹ̀ ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Lọ́dún 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá síbẹ̀ bíi lẹ́tà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1930, ó kó o jọ di ìwé. Ohun tí Thomas ṣe yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní self-publishing. Àdátẹ̀ la ó máa pè é.

Ẹ jẹ́ ká ní olùkọ́ ni yín ní Ìlọrà, tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ìdájí lẹ fi ń kọ̀wé, kí agogo ilé-ìwé tó dún. Ìtàn yín dá lé oko ọsàn àti ẹjọ́ ilẹ̀ nílùú yín. Àwọn kan á ní ìlú náà kéré jù fún ìwé. Èmi ò gbà. Ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ni yóò kọ́kọ́ ra ìwé tó dárúkọ àdúgbò bàbá rẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ sanwó fún ẹlòmíràn tó mọ Yorùbá kọ, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ewu wà nínú àmì ohùn o. Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé lè má ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, àmì orí àti tìsàlẹ̀ á wá di àpótí òfìfo. Ẹ gbé e lọ ní PDF, tí a ó máa pè ní fáìlì dídì. Ó di irú lẹ́tà yín mọ́ inú, bí ẹ̀kọ tí wọ́n ti fi ewé pọ́n. Síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín kà ná.

Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń fúnni ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Ó dà bíi nọ́ńbà ara mọ́tò. Òǹkà 13 ni. Tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978: èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé ìwé ni, èkejì ń sọ pé Nàìjíríà ni. Nọ́ńbà yìí kọ́ ló sọ ìtàn di tiyín. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022, tiyín ni látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ẹ ó pẹ́ láyé o.

Iye ẹ̀dà ló ń pa aládàátẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ń lo pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ya ojú ìwé sí. Bí ẹ tẹ 100, bí ẹ tẹ 1,000, owó pléètì ò yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi ṣàpẹẹrẹ: pléètì ₦200,000, bébà àti dídì ₦1,000 fún ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá tẹ 1,000, ẹ̀dà kan á jẹ́ ₦1,200. Ó dùn mọ́ni létí! Ṣùgbọ́n ₦1,200,000 ti jáde lápò yín. Bí ẹ bá ń ta ọ̀kan ní ₦3,500, tí olùtàwé mú 30 nínú 100, ₦2,450 ló kàn yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ta 490 kí owó yín tó padà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ̀ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà kì í lo pléètì. Ká ní ₦2,000 ni ẹ̀dà kan níbẹ̀, 100 á jẹ́ ₦200,000, ẹ̀dà 82 péré á sì dá a padà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó yẹ? Kí Thomas tó ṣe ìwé, ó ti rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé àwọn èèyàn ń kà á. Ẹ fi orí kìn-ín-ní ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ ka àwọn tó ń béèrè ìyókù.

Ìwé orí fóònù náà wà, kò sì ní owó bébà. Ṣùgbọ́n OkadaBooks, ọjà irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ti kógbá sílé ní 2023, nítorí náà ẹ tọ́jú fáìlì dídì yín sọ́wọ́ ara yín.

Ó ku ohun kan. Òfin ní kí ẹ kó ẹ̀dà 3 lọ fún Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde, lówó ara yín. Nínú 100 tí ẹ gbé ti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé dé, 97 ni ọjà.