Ohun Tí Í Mú Apànìyàn Inú Ìtàn Bani Lẹ́rù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú burúkú, ohùn líle àti ọ̀bẹ tí ń kán ẹ̀jẹ̀ ni í mú kí ọ̀daràn inú ìtàn bani lẹ́rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, ojú mẹ́rìndínlógún ni Agbákò ní. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé ewu dé. Ó lè múra ìjà, ó sì lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n apànìyàn inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ní àmì lójú. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Àpẹẹrẹ rere kan ni sinimá tí a ń pè ní M, èyí tí Fritz Lang ṣe ní ilẹ̀ Jámánì ní 1931. Ìlú Berlin ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Hans Beckert, ẹni tí Peter Lorre ṣe ipa rẹ̀, ń pa àwọn ọmọdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni lójú àwọn ará àdúgbò. A sì máa ra bàlúùnù àti nǹkan dídùn fún ọmọdé. Inú rere tí ó ń ṣe yìí gan-an ni ìkẹ́kùn rẹ̀.

Ohun kejì ni èyí tí a kò fi hàn. Nígbà tí ó mú ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Elsie lọ, a kò rí ẹ̀jẹ̀ rárá. Àwo oúnjẹ ọmọ náà ni a rí lórí tábìlì, tí kò sí ẹni tí yóò jẹun nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí jáde láti inú koríko. Bàlúùnù rẹ̀ há sára wáyà. Ìyá rẹ̀ ń pè é, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ọkàn ẹni tí ń wòran ni ó parí ìyókù, ohun tí ọkàn bá sì rò a máa burú ju èyí tí ojú rí lọ.

Ẹ̀kẹta, apànìyàn náà a máa súfèé orin kan ṣoṣo. Bí a bá ti gbọ́ ìfé náà, àyà a já, bí a kò tilẹ̀ tí ì rí i. Ìfé yìí kan náà ni afọ́jú tí ń ta bàlúùnù fi dá a mọ̀ nígbẹ̀yìn.

Síbẹ̀, èyí tí ó burú jù ni ohun tí ìbẹ̀rù sọ àwọn ará ìlú dà. Aládùúgbò ń fura sí aládùúgbò. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó kàn dá ọmọdé lóhùn lójú pópó, èrò bò ó bí ẹni pé òun ni apànìyàn. Nígbà tí àwọn olè fúnra wọn mú Beckert, tí wọ́n sì ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ó ké pé nǹkan kan nínú òun ni ó ń lé òun kiri, òun kò sì lè dá a dúró. Èrò ń kígbe pé kí a pa á, láìdúró de òfin. Níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti di méjì: a bẹ̀rù ènìyàn kan tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, a sì bẹ̀rù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fẹ́ kó ara wọn níjàánu.

Nítorí náà, ìtàn ọ̀daràn tí ó dára kì í fi ẹ̀jẹ̀ dá àwọn òǹkàwé lára yá. Ó ń kọ́ wa láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí á má sì fi ìfura lásán ba ayé aláìṣẹ̀ jẹ́.