Epo Pupa Ni Mo Fi Kọ́ Wọn

Nígbà tí omíyalé ọdún 2022 fà kúrò ní Adankolo, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja, ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ló fi sílẹ̀ fún wa. Lọ́kọ́ja ni Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Bí wọ́n bá kún àkúnya, omi á wọ ṣalángá, á wọ kànga, ohun tó wà nínú èkíní á sì dé inú èkejì. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń rí ọ̀nà.

Mo ní kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, wọn ò gbà. "Màmá, ọwọ́ wa mọ́, ẹ wò ó." Ojú wọn ò rí kòkòrò, kí ni wọn ó bẹ̀rù?

Mo bu epo pupa sí wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fi omi lásán ṣan án. Epo ò lọ. Mo fún wọn ní ọṣẹ, ó lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìfojúrí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ara wa: ọṣẹ ló ń tú u, omi tó ń ṣàn ló ń gbé e lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn abọ́ omi kan tí gbogbo ilé ń tọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ìdọ̀tí àwọn tó ṣáájú ni ẹni tó kẹ́yìn fi ń ṣan ọwọ́. Kẹ́tù ni kí ẹ fi máa da omi sọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú àáyá 20 ti tó láti fọ ọwọ́: àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́, abẹ́ èékánná, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọṣẹ síbi tí ọwọ́ ọmọ yóò tó.